Gáàsì Ilé Ìdáná Nínú Ìṣirò Ilé Ọ̀rẹ́ Àyíká

Àwọn tí ń kọ́ ilé ńláńlá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lóde òní ń gbọ́ nípa ìwé-ẹ̀rí kan tí wọ́n ń fún ilé tí kò bá fi iná, omi àti ohun èlò ìkọ́lé ṣòfò. Ìbáà ṣe ilé ìtura ni ẹni náà ń kọ́ lẹ́bàá oríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Bẹ̀nì ti pàdé, ìbáà ṣe ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí yìí lè kàn án. Ilé ọ̀rẹ́ àyíká ni àwọn kan ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ilé aláwọ̀ ewé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé náà lè funfun báláú tàbí kí ó pupa bí osùn. Ìbéèrè kan wà tí ó sábà máa ń dé kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ti kan òrùlé, tí àwọn ọ̀dàlé sì ti ń kó ọ̀dà bọ̀: gáàsì tí àwọn alásè yóò máa fi dáná ńkọ́? Ṣé ó wà nínú ìṣirò ni, àbí kò sí níbẹ̀?

Ó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì kà á lè rí i nígbà tí ó ti pẹ́ jù pé ìwé-ẹ̀rí tí òun ti ń fojú sọ́nà fún ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ohun tí ó ń fa ìgbàgbé yìí kò ṣòro láti mọ̀. Bí wọ́n bá ti dárúkọ agbára tí ilé ń lò, gílóòbù, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ó máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn, nítorí pé mítà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Gáàsì kì í gba ara mítà yẹn kọjá rárá. Inú sílíńdà ni ó ń bá dé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbé e gbà wọlé, owó rẹ̀ sì máa ń wà nínú ìwé ẹni tí ń ra oúnjẹ, pẹ̀lú owó gàrí àti owó ẹ̀wà, kì í sí nínú ìwé ẹnjiníà. Báyìí ni iná tí ó ṣeé ṣe kí ó tóbi jù nínú ilé ṣe ń bọ́ kúrò lójú ẹni tí ń ṣírò iná.

ILÉ MÉJÌ NI WỌ́N Ń WỌ̀N

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jáde ní 1990, orúkọ rẹ̀ sì ni BREEAM. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, tí ń jẹ́ U.S. Green Building Council, gbé LEED jáde kí ọ̀rúndún náà tó parí. Lẹ́yìn náà ni EDGE dé, èyí tí International Finance Corporation, ẹ̀ka kan lára Báńkì Àgbáyé, ṣe pẹ̀lú èrò nípa àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Ní Nàìjíríà, ilé Heritage Place ní Ìkòyí, Èkó, tí wọ́n parí ní 2016, wà lára àwọn ilé tí ó kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí LEED. Ní 2017 ni Ìjọba Àpapọ̀ náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde lórí bí ilé tuntun kò ṣe ní máa fi agbára ṣòfò. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá 2021, ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wáyé ní Glasgow, Nàìjíríà ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di 2060, èéfín tí orílẹ̀-èdè yìí ń tú sí ojú ọ̀run kò ní ju èyí tí igbó, ilẹ̀ àti ọgbọ́n ènìyàn lè gbà padà lọ.

Bí orúkọ àwọn ìwé-ẹ̀rí wọ̀nyí ṣe yàtọ̀ síra tó, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn agbára jọra. Ilé kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń gbé lé òṣùwọ̀n, méjì ni. Èkíní ni ilé tí onílé fẹ́ kọ́ ní tòótọ́. Èkejì kò sí lórí ilẹ̀, orí ìwé àti inú kọ̀ǹpútà ni ó wà: ilé kan náà, ó tóbi bákan náà, iye ènìyàn kan náà ni ó ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti máa ń kọ́lé láìṣe wàhálà kankan ni wọ́n kà á sí pé wọ́n kọ́ ọ. Ilé àfiwé ni èyí. Bí ilé tòótọ́ bá lo agbára tí ó kéré sí ti ilé àfiwé ní ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, ó yege. Ní ti EDGE, ìwọ̀n náà ni ìdá 20 nínú 100 ó kéré tán, ní ti agbára, ní ti omi, àti ní ti ohun tí ṣíṣe sìmẹ́ńtì, bíríkì, irin àti àwọn ohun èlò mìíràn ń ná àyíká.

Gbogbo ọgbọ́n àti gbogbo àrékérekè ìṣirò yìí dá lórí ohun tí wọ́n kó sínú àwọn ilé méjèèjì. Bí ohun kan bá wà nínú ọ̀kan tí kò sì sí nínú èkejì, irọ́ ni àfiwé náà. Bí wọ́n bá sì yọ ohun ńlá kan kúrò nínú méjèèjì, èsì tí yóò jáde yóò dára lójú ju bí ilé náà ti rí lọ.

ÀPẸẸRẸ ILÉ-ÌWÉ KAN

Ilẹ̀ Rẹ́mọ kì í ṣe ibi tí ìkòkò ńlá ti ṣàjèjì. Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àwọn ọmọ tí ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé sì ní láti jẹun lójúmọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Ṣàgámù láti 1986. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ìjọ Adventist dá sílẹ̀ ní Ìlíṣàn ní 1959 di Yunifásítì Babcock ní 1999. Ẹni tí ó bá fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè fi ààrò ẹlẹ́nu méjì ṣe é.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tí kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn tí a dárúkọ. Ká sọ pé ilé ìdáná rẹ̀ ń jó sílíńdà oníkílógíráàmù 50 mẹ́wàá lóṣù, èyí tí í ṣe kílógíráàmù 500 gáàsì. Ká sọ pé iná mọ̀nàmọ́ná ilé àfiwé rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 16,000 lóṣù. Yúnìtì yìí ni èyí tí gbogbo onímítà ń rà, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní kilowatt-hour.

Wọn kò lè ro kílógíráàmù pọ̀ mọ́ yúnìtì, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ti lè ro kóńgò àgbàdo pọ̀ mọ́ ìgò epo pupa. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ohun kan náà. Nǹkan bí yúnìtì 12.8 ni agbára tí ó wà nínú kílógíráàmù gáàsì ìdáná kan. Ìyẹn ni pé sílíńdà oníkílógíráàmù 12.5 tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé ní yúnìtì 160 nínú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà kò mọ̀ pé ẹrù agbára tí ó tó bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbé. Ilé-ìwé inú àpẹẹrẹ yìí, tí ó ń jó kílógíráàmù 500, ń lo yúnìtì 6,400 lóṣù ní ilé ìdáná nìkan. Bí wọ́n bá ro ó pọ̀ mọ́ 16,000 ti iná mọ̀nàmọ́ná, gbogbo rẹ̀ di 22,400. Gáàsì gba ju ìdá mẹ́rin kan lọ.

Wàyí o, onílé ṣe iṣẹ́ tí ó dára. Ó fi gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀ sí gbogbo yàrá, ó mú kí òrùlé yọ síta kí oòrùn má bàa wọlé, ó la fèrèsé sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Iná mọ̀nàmọ́ná rẹ̀ wálẹ̀ láti 16,000 sí 12,800. Ìdá 20 nínú 100 géérégé ni ó fi dín kù, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú gáàsì wọ inú ìṣirò, yúnìtì 3,200 tí ó fi pamọ́ náà ni wọ́n ní láti pín lórí 22,400, kì í ṣe lórí 16,000 mọ́. Ó di ìdá 14 nínú 100 àti díẹ̀. Kò yege.

Kí ni ó lè ṣe? Bí ó bá lo àwọn ẹ̀rọ ìdáná tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ dáadáa, tí gáàsì rẹ̀ sì fi ìdá 30 nínú 100 dín kù, ilé ìdáná yóò wálẹ̀ sí yúnìtì 4,480. Gbogbo ohun tí ilé ń lò di 17,280, ohun tí ó fi pamọ́ di 5,120, èyí sì tó nǹkan bí ìdá 23 nínú 100. Ilé tí ilé ìdáná ti fẹ́ já kulẹ̀ ni ilé ìdáná náà tún gbà là.

Ìdá 30 yẹn kì í ṣe àsọdùn. Nínú ìlànà LEED, agbada ńlá onígáàsì tí wọ́n fi ń dín nǹkan, irú èyí tí ó wọ́pọ̀, ni wọ́n kà sí pé ìdá 35 nínú 100 ooru rẹ̀ ni ó ń wọ inú oúnjẹ. Ìyókù a lọ sínú afẹ́fẹ́ àti sára alásè. Àwọn tí ó gba àmì ENERGY STAR ti Amẹ́ríkà ní láti fi ìdá 50 sínú oúnjẹ. Ẹni tí ó bá fi 35 sọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó fi 50 sọ́wọ́ òsì, yóò rí i pé ìdá 30 nínú 100 gáàsì ni yóò ṣẹ́kù sínú sílíńdà fún dọ̀dọ̀ kan náà.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Àwọn tí ó ṣe ìlànà LEED pín agbára ilé sí apá méjì. Apá kìíní ni èyí tí ara ilé fúnra rẹ̀ ń lò: ìmọ́lẹ̀, ìmútutù, omi gbígbóná, fáànù. Apá kejì ni èyí tí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ń lò: kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ gbígbéni sókè, àti ilé ìdáná. Ìgbà kan wà tí àwọn ayàwòrán ilé ń ṣe bí ẹni pé apá kejì yìí kò kàn wọ́n. Kí wọ́n má bàa máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìlànà LEED ti ọdún 2009 ní kí wọ́n ka apá kejì náà sí ìdá 25 nínú 100 owó agbára ilé àfiwé, bí onílé kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ó kéré sí i. Gáàsì ìdáná kò rí ọ̀nà àbáyọ láti ìgbà náà.

Ohun kan wà níbí tí ó máa ń bí onílé nínú. Bí wọ́n ti ka ilé ìdáná sínú ilé tòótọ́ ni wọ́n ń kà á sínú ilé àfiwé, ohun kan náà, iye kan náà. Nítorí náà ẹrù rẹ̀ wà lọ́rùn onílé, èrè rẹ̀ kò sì sí, àfi bí ó bá fi ẹ̀rí gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé ẹ̀rọ tí òun rà dára ju èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ. Ẹ̀rí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n á béèrè orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, iye gáàsì tí ó ń jẹ ní wákàtí kan, wákàtí tí yóò fi máa jó lójúmọ́, àti iye abọ́ oúnjẹ tí yóò jáde. Iye abọ́ oúnjẹ yìí ṣe pàtàkì jù lọ. Ilé ìdáná tí ó dín gáàsì rẹ̀ kù nítorí pé ó ń fi ebi pa àwọn ọmọ kò pa agbára kankan mọ́. Oúnjẹ ni ó pa mọ́.

Ìyípadà mìíràn dé nínú LEED v4.1. Tẹ́lẹ̀, owó ni wọ́n fi ń wọn ilé méjèèjì: èló ni agbára ọdún kan ní ibí, èló ni lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n fi òṣùwọ̀n kejì kún un, èyí tí í ṣe ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kábọ́nù tí ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Kílógíráàmù gáàsì ìdáná kan, bí ó bá jó tán, a máa tú nǹkan bí kílógíráàmù 3 afẹ́fẹ́ kábọ́nù sílẹ̀, nítorí pé kábọ́nù inú gáàsì náà ń so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Ilé-ìwé inú àpẹẹrẹ wa ń tú 1,500 kílógíráàmù sílẹ̀ lóṣù. Ohun tí owó gbà láàyè, èéfín lè má gbà á láàyè.

ṢÉ KÍ WỌ́N KÚKÚ LÉ GÁÀSÌ JÁDE?

Àwọn kan ní òkè òkun ti dáhùn ìbéèrè yìí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú Berkeley ní California ni ó kọ́kọ́ ṣòfin irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2019, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa páìpù gáàsì wọ ilé tuntun. Àwọn onílé oúnjẹ pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì da òfin náà nù ní 2023, ìlú náà sì fagi lé e ní 2024. Àmọ́ èrò náà kò kú, ó sì ń wọ inú ìwé-ẹ̀rí àwọn ilé díẹ̀díẹ̀.

Ní Rẹ́mọ, ó yẹ kí wọ́n ṣe ìṣirò kí wọ́n tó tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ààrò onígáàsì tí ó ń ṣe dáadáa díẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ooru rẹ̀ sínú ìkòkò. Nínú yúnìtì 6,400, nǹkan bí 2,560 ni ó dé inú oúnjẹ. Ààrò oníná mọ̀nàmọ́ná kan wà tí ń fi agbára òòfà mú ìdí ìkòkò gbóná láìsí ọwọ́ iná kankan. Ìdá 85 nínú 100 ni tirẹ̀ ń wọlé. Yúnìtì bí 3,000 ni yóò fi se oúnjẹ tí gáàsì fi 6,400 sè. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, gáàsì ti pàdánù.

Ṣùgbọ́n ibo ni yúnìtì 3,000 náà ti wá? Bí a bá yọ omi Kainji, Jebba àti Shiroro kúrò, gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná mọ̀nàmọ́ná Nàìjíríà. Gáàsì ni wọ́n ń dá ní Ẹ̀gbìn ní Èkó. Gáàsì náà ni wọ́n ń dá ní Papaláńtò níhìn-ín ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀rọ amúnáwá tí ń sọ ìdá mẹ́ta kan gáàsì rẹ̀ di iná ní láti jó yúnìtì 9,000 kí ó tó mú 3,000 jáde, láìtíì ka èyí tí ó ń ṣòfò lórí wáyà láti ibẹ̀ dé Ṣàgámù. Iná náà kò kúrò nílé ìdáná. Ó kó lọ sí Papaláńtò ni, ó sì tóbi sí i. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí ń fi ooru àjókù ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí iná bá wá lọ ńkọ́, tí jẹnẹrétọ̀ sì gba iṣẹ́ náà? Lítà dísù kan ń mú yúnìtì bí 3.3 jáde lára jẹnẹrétọ̀ tí kò bàjẹ́, ó sì ń tú kílógíráàmù 2.68 afẹ́fẹ́ kábọ́nù sílẹ̀. Yúnìtì 3,000 yóò gba nǹkan bí lítà 900, èéfín rẹ̀ yóò sì ju 2,400 kílógíráàmù lọ, nígbà tí ti gáàsì tí ó jó lábẹ́ ìkòkò jẹ́ 1,500. Ẹni tí ó bá lé gáàsì jáde nílé ìdáná kí ó lè fi dísù dáná ti sá fún òjò, ó bọ́ sódò.

Ti agbára oòrùn yàtọ̀. Bí onílé bá ní pátákó oòrùn tí ó pọ̀ tó lórí òrùlé, tí wọ́n sì lè ṣe àsè ńlá ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn ń ràn, ààrò oníná mọ̀nàmọ́ná borí gáàsì láìsí àríyànjiyàn. Àkàrà àti ẹ̀kọ òwúrọ̀ ni yóò dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé àwọn alásè ilé-ìwé ti ń dáná kí àkùkọ tó kọ, bátìrì sì wọ́n.

IGI TÍ ÌWÉ-Ẹ̀RÍ KÒ RÍ

Ìwé-ẹ̀rí náà ní àbùkù kan ní ilẹ̀ wa, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ síta. Ilé àfiwé tí wọ́n fi ń wọn ilé ìdáná ńlá nínú ìlànà òyìnbó, gáàsì tàbí iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n rò pé ó ń lò. Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ńlá ní agbègbè yìí ni ó ń fi igi dáná, kì í sì í ṣe nígbà ìnáwó nìkan. Ooru tí ó ń wọ inú ìkòkò lórí ààrò olókùúta mẹ́ta kì í sábà ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ìyókù ni èéfín tí ń ta alásè lójú, tí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni ó kú ní 2020 láti ọwọ́ èéfín ìdáná inú ilé ní gbogbo ayé. Onílé tí ó mú àwọn alásè rẹ̀ kúrò nídìí igi bọ́ sídìí gáàsì ti ṣe ohun ńlá, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò LEED kò rí àmì kankan gbà lórí rẹ̀. Bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n kà á sí. Àwọn tí yóò máa ṣe irú ìlànà yìí fún ìlò ní Nàìjíríà ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀.

ÈÉFÍN, AFẸ́FẸ́ ÀTI FÁÀNÙ

Ìdáná gáàsì kò parí sí ìdí ìkòkò. Ìbòrí onírin wà lókè ààrò ńlá, fáànù sì wà nínú rẹ̀ tí ń fa ooru, ọ̀rá àti èéfín síta. Afẹ́fẹ́ tí ó bá jáde gbọ́dọ̀ ní ìrọ́pò. Bí ó bá jẹ́ yàrá ìjẹun tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù ni ìrọ́pò náà ti ń wá, owó ìmútutù ni wọ́n ń fọ́n gba ihò òrùlé lọ. Nínú ìṣirò, ara iná mọ̀nàmọ́ná ni fáànù yìí àti ìmútutù náà wà, ṣùgbọ́n gáàsì ni ó bí wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ni ó ń tan fáànù yìí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, àní nígbà tí àwọn alásè bá ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn fáànù kan wà tí ń mọ̀ bí ooru bá ti dín kù, tí wọ́n á sì rọra. Èrè rẹ̀ tóbi ju bí ènìyàn ti lè rò lọ: bí eré fáànù bá wálẹ̀ sí ìdajì, agbára tí ó ń jẹ ń wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ti ọmọ iná kékeré tí àwọn ààrò àtijọ́ máa ń tọ́jú lójoojúmọ́ kí ó lè tan iná ńlá náà tún wà ńbẹ̀. Ó ń jó ní òru, ó ń jó lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì se ìrẹsì ẹyọ kan. Ààrò tí ń ṣá iná fúnra rẹ̀ kò nílò irú ọmọ iná bẹ́ẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń MÚRA SÍLẸ̀

Ìgbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé ni kí wọ́n ti pe olórí alásè síbi ìjókòó pẹ̀lú ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà. Òun ni ó mọ iye ìkòkò tí ń wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà, àti wákàtí tí ẹ̀wà fi ń jinná. Ẹnjiníà tí ó bá kọ nọ́ńbà láti orí ara rẹ̀ yóò kọ èyí tí ó pọ̀ jù tàbí èyí tí ó kéré jù, ẹni tí ń yẹ ìwé wò yóò sì dá a padà.

Bí ilé bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí gáàsì ilé ìdáná ní mítà tirẹ̀, yàtọ̀ sí gáàsì tí wọ́n bá fi ń gbé omi kaná tàbí tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀. Níbi tí kò bá sí mítà, òṣùwọ̀n tí ó dúró ṣinṣin tó: kí wọ́n wọn sílíńdà nígbà tí ó dé, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà, kí wọ́n kọ iye méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti iye abọ́ oúnjẹ. Iye tí wọ́n kọ sára rìsíìtì nìkan kò tó, nítorí pé gáàsì díẹ̀ a máa ṣẹ́kù sí ìdí sílíńdà tí wọ́n dá padà.

Ìyàtọ̀ tún wà láàrin gáàsì inú sílíńdà àti gáàsì inú páìpù, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ṣírò mọ èyí tí ó ń kà. Gáàsì inú sílíńdà, irú èyí tí Nigeria LNG bẹ̀rẹ̀ sí kó wá fún ọjà ilé ní 2007, kílógíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gáàsì inú páìpù, mẹ́tánì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, orí mítà ni wọ́n sì ti ń kà á gẹ́gẹ́ bí ààyè tí ó gbà. Bí ó bá jò láìjó, mẹ́tánì ń mú ayé gbóná ju afẹ́fẹ́ kábọ́nù lọ ní ìlọ́po ju 80 láàrin 20 ọdún. Ní ti ààbò pẹ̀lú, méjèèjì kò dọ́gba. Gáàsì sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń wọ́ lọ bí omi, ó sì lè sá pamọ́ sínú gọ́tà. Ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn rẹ̀ ní láti wà nítòsí ilẹ̀. Gáàsì páìpù fúyẹ́, òkè ni ó ń lọ, òkè ni wọ́n sì ní láti gbé tirẹ̀ kọ́. Ilé tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sílíńdà, tí ó wá gba páìpù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ní láti gbé ẹ̀rọ agbóòórùn náà kúrò nísàlẹ̀ lọ sókè, kí ó pààrọ̀ ẹnu ààrò rẹ̀, kí ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.